Òfin Ìbọn Láti Houston Dé Alesa

Epo rọ̀bì ló so Port Harcourt mọ́ Houston. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìfọpo tó wà ní Alesa níbí láti ọdún 1965, àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ epo káàkiri Eleme dé Onne, púpọ̀ nínú wọn ló ní ọmọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ní ìpínlẹ̀ Texas. Àwa Yorùbá tó wà láàárín wọn kò kéré. Bí ọ̀rọ̀ ajínigbé bá wá délẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé Amẹ́ríkà ló mọ ohun tó ń ṣe, pé ẹnikẹ́ni ló lè gbé ìbọn kiri níbẹ̀. Ẹlòmíràn á ní àwọn gómìnà wa ni wọn kò fẹ́, pé bí wọ́n bá buwọ́ lu ìwé lónìí, aráàlú á ti gba ìbọn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Amẹ́ríkà kò ní òfin ìbọn kan ṣoṣo. Ìbọn tí ọlọ́pàá Houston rí tí kò bi ẹni tó gbé e ní ohunkóhun lè sọ olúwa rẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n ní Maryland. Òfin kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní tirẹ̀ ní, láti Sókótó dé Bonny, kò sì sí gómìnà tó lágbára láti yí i padà. Ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí à ń là yé ara wa, torí pé ẹni tó bá ṣì í gbọ́ lè fi ọdún mẹ́wàá jókòó lẹ́wọ̀n.

Ohun tí òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀, torí pé òfin kì í wò wọ́n bákan náà. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ra ìbọn. Ọ̀tọ̀ ni kó tọ́jú rẹ̀ sílé. Ọ̀tọ̀ sì ni kó gbé e jáde, yálà ó fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ tàbí ó so ó mọ́ ìbàdí níta gbangba. Ìpínlẹ̀ kan lè gba ọ̀kan láyè kó sì dí èkejì lọ́nà.

Àtúnṣe Kejì sí ìwé-òfin Amẹ́ríkà, tó wà láti 1791, ló fún àwọn ará ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn amòfin ń jiyàn lórí ẹni tí ẹ̀tọ́ náà jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ní 2008, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Washington pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni láti ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé rẹ̀. Ní 2010, ẹjọ́ kan láti Chicago jẹ́ kó hàn pé ìpínlẹ̀ àti ìlú náà kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀hún mọ́lẹ̀. Ní June 2022, ẹjọ́ kan láti New York mú un jáde kúrò nínú ilé: ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé kí èèyàn kọ́kọ́ fi hàn pé ewu àrà ọ̀tọ̀ kan ń lé òun kiri kó tó rí àṣẹ gba láti gbé ìbọn jáde.

Àwọn tó gbọ́ ìròyìn ẹjọ́ yẹn ní ìdajì rò pé ilé-ẹjọ́ ti pa gbogbo òfin ìbọn rẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ ṣì lè ní kí èèyàn gba ẹ̀kọ́, kó tẹ̀ka, kí wọ́n sì wo ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá.

Òfin àpapọ̀ tún wà tó mú gbogbo ìpínlẹ̀, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni ti 1968. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún kan lọ kò gbọdọ̀ ní ìbọn. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó lu ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní in. Ilé ìtajà tó ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21, òfin 1993 sì ti fi dandan lé e pé kí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ oníbàárà wò kí wọ́n tó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́.

Èyí tó kan ọmọ wa jù lọ nìyí: ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà àbẹ̀wò tàbí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ní ìbọn, kò sì gbọdọ̀ ní ọta, ní ìpínlẹ̀ yòówù kó wà. Àyè díẹ̀ ló yọ sílẹ̀, bíi ti ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ láti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ kan. Ẹni tó ní gíríìn káàdì lè ra ìbọn, ṣùgbọ́n bí ilé-ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ ìbọn, wọ́n lè torí rẹ̀ dá a padà sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ìbọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání ní Houston tó ya fọ́tò, tó wá fi ránṣẹ́ sí wa níbí ká lè yìn ín, ó ń kó ẹ̀rí jọ fún ẹni tó máa fẹ̀sùn kàn án.

Texas kì í ṣe Maryland

Lórí ohun tí ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ yìí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀ bó ṣe wù ú.

Texas ni a mọ̀ jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù September 2021, òfin ibẹ̀ gbà pé kí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti ní ìbọn, gbé ìbọn ìléwọ́ jáde láìgba ìwé àṣẹ kankan. Ó lè wà lábẹ́ agbádá rẹ̀. Bó bá sì fẹ́ kí gbogbo ayé rí i, kó ti wà nínú àpò ìbọn. Georgia ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní April 2022, Florida bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní July 2023. Nígbà tí Louisiana darapọ̀ mọ́ wọn ní July 2024, wọ́n di ìpínlẹ̀ 29. Vermont kò tilẹ̀ fìgbà kan rí béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn láti òkèèrè ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé nígbà tí ìwé àṣẹ ti kúrò, òfin náà ti bá a lọ. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà àwọn ilé ìtajà àti ṣọ́ọ̀ṣì ní Houston. Ẹ ó rí àkọlé tí nọ́ńbà 30.06 tàbí 30.07 wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà ẹsẹ òfin Texas ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ń sọ fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ pé kò gbọdọ̀ fi ìbọn pamọ́ sára wọlé. Èkejì ń sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé èyí tó hàn síta wọlé. Ilé ọtí ní tirẹ̀ máa ń lẹ 51% gàdàgbà pupa. Ohun tó ń sọ ni pé owó ọtí tí àwọn èèyàn ń mu níbẹ̀ tó ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn, nítorí náà ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè sí òde àríyá ní gbọ̀ngàn kan níbẹ̀ yẹ kó fara balẹ̀ ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn kó tó wọlé jókòó.

Texas ṣì ń fún ẹni tó bá fẹ́ ní ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dandan mọ́. Àwọn èèyàn sì ń gbà á, torí pé àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tó máa ń bu ọlá fún un bí wọ́n bá rìnrìn àjò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Maryland kò sí lára wọn. Yorùbá pọ̀ ní Maryland, àgàgà ní Prince George's, ojú mìíràn pátápátá ni ìpínlẹ̀ náà sì fi ń wo ìbọn. Láti October 2013, ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí kan lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀: á tẹ̀ka, á kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí mẹ́rin, á sì yin ìbọn lójú olùkọ́. Ìyẹn jẹ́ ti ríra nìkan. Bó bá fẹ́ gbé e jáde, ìwé mìíràn ni, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún. Maryland kò ka ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ mìíràn sí.

New York ti ń béèrè ìwé àṣẹ ìbọn ìléwọ́ láti 1911, kódà fún èyí tí èèyàn kò ní gbé kúrò nínú yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn ẹjọ́ 2022, wọ́n yára ṣe òfin tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn jáde á gba ẹ̀kọ́ wákàtí méjìdínlógún, á mú orúkọ èèyàn mẹ́rin wá tó lè jẹ́rìí ìwà rẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kò gbọdọ̀ gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé e dé Times Square. Ìlú New York fúnra rẹ̀ tún ní ìwé àṣẹ tirẹ̀: èyí tí èèyàn gbà ní apá òkè ìpínlẹ̀ náà kò tó fún ìlú yẹn, àfi bí àwọn aláṣẹ ìlú bá fọwọ́ sí i.

Illinois, níbi tí Chicago wà, ní káàdì kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè ní ìbọn tàbí ọta rárá. Òun ni ìpínlẹ̀ tó gbẹ̀yìn ní gbogbo Amẹ́ríkà láti gba ìbọn tó wà lábẹ́ aṣọ láyè, ní 2013.

Ààlà ìpínlẹ̀ ni wàhálà wà

Ẹni tó gba ìwé ìwakọ̀ ní Texas lè wakọ̀ rẹ̀ dé Maryland láìsí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Ìwé ìbọn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí táyà mọ́tò bá ti kọjá ààlà ni òfin ti yí padà, àkọlé kan kò sì sí lójú ọ̀nà tó máa kìlọ̀ fún un. Àwọn èèyàn tí wọn kò jí nǹkan, tí wọn kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ti tipa báyìí bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá ní New Jersey, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ mìíràn lápò wọn.

Òfin àpapọ̀ kan láti 1986 dáàbò bo arìnrìn-àjò. Bí ìbọn bá tọ́ ní ibi tó ti ń bọ̀, tó sì tọ́ ní ibi tó ń lọ, ó lè gbé e kọjá láàárín ìpínlẹ̀ tí kò gbà á. Ṣùgbọ́n ọta kò gbọdọ̀ sí nínú ìbọn náà, ọwọ́ ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ tó ìbọn tàbí ọta. Inú bùtù ni ibi tó dára jù, kó sì wà ní títì. Ẹni tó bá fi í sábẹ́ àga ti sọ ààbò yẹn nù.

Ilé wa: ìlà mẹ́ta tí òfin 1959 pín ìbọn sí

Ìwé-òfin Nàìjíríà ti 1999 to àwọn ohun tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan lẹ́sẹẹsẹ. Nọ́ńbà kejì níbẹ̀ ni ohun ìjà, ọta àti ohun abúgbàù. Níbi tí ọ̀rọ̀ gómìnà parí sí nìyẹn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Rivers kò lè ṣe òfin lórí rẹ̀, ti Ọ̀yọ́ kò lè ṣe é, ti Kano náà kò lè ṣe é. Ìwé-òfin wa kò sì ní gbólóhùn kankan tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn bí ti Amẹ́ríkà.

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ náà ti wà láti 1959, ọdún kan ṣáájú òmìnira. Ó pín ìbọn sí ìlà mẹ́ta.

Ìlà kìíní jẹ́ ti Ààrẹ nìkan láti fọwọ́ sí. Bọ́ǹbù wà níbẹ̀, ìbọn arọ̀jò-ọta wà níbẹ̀, ìbọn ológun wà níbẹ̀, pump-action náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ìbọn ìléwọ́ wà, gbogbo oríṣi rẹ̀. Èyí ló yẹ kí ẹni tó ń ti Houston bọ̀ gbọ́ kó tún un gbọ́: ohun tí kò béèrè ìwé kankan lọ́hùn-ún, bọ́ǹbù ni òfin tò ó tì níbí.

Ìlà kejì jẹ́ ti Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ìbọn ọdẹ onígbàlódé ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé ọwọ́ lèèyàn fi ń ki ọta sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbọn tó ń lo afẹ́fẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa náà wà lára wọn, mo sì gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ìlà kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìbọn àwọn baba wa kò béèrè ìwé. Ó béèrè. Àṣẹ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú òfin kan náà, káàdì ẹgbẹ́ ọdẹ kì í sì í ṣe àṣẹ ọ̀hún, bí fọ́tò rẹ̀ ti wù kó dán tó. Ìbọn agbélẹ̀rọ tí alágbẹ̀dẹ rọ láìgbàṣẹ wá burú ju gbogbo wọn lọ, torí pé ẹni tó rọ ọ́ àti ẹni tó rà á ni òfin máa mú.

Ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún. Bí baba bá kú tó fi ìbọn sílẹ̀, àṣẹ rẹ̀ kò bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí. Ẹni tó bá bá a nínú ẹrù olóògbé gbọ́dọ̀ kó o lọ fún ọlọ́pàá, kó tó máa wá ìwé tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ìbọn irú èyí wà lórí àjà ní ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́ àfi ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá wá tú ilé.

Ìyà rẹ̀ kì í ṣe ìyà kékeré. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní January 1970, ìbọn kún ìgboro, ìdigunjalè sì gbòde, ni ìjọba ológun bá gbé òfin líle jáde lọ́dún yẹn. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 1984 la ṣì ń lò. Ẹni tí wọ́n bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ láìní àṣẹ á san ₦20,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí kó ṣe méjèèjì. Bó bá fi jalè, ikú ni.

Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù January 2020 ni wọ́n ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ lè dá ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, kí ó sanwó fún wọn, kí ó rán aṣọ fún wọn; Rivers náà ṣe òfin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tirẹ̀ ní 2018. Ìbọn ni kò sí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ láti fún wọn. Lẹ́yìn tí àwọn apànìyàn pa àwọn olùjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù June 2022, olóògbé Rotimi Akeredolu, gómìnà Òǹdó nígbà náà, béèrè ní September ọdún yẹn pé kí Àmọ̀tẹ́kùn lè gbé ìbọn tó le. Ó tọ́ka sí àwọn ẹ̀ṣọ́ Katsina tí fídíò ṣàfihàn pẹ̀lú AK-47. Èsì Abuja ni pé kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí wọ́n fún ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń dun Akeredolu, ẹ wo bí a ṣe ń ki ṣakabùlà. Ọdẹ á nà án ró, á da ètù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá ki í mọ́lẹ̀, á kó ọta sí i, á tún fi nǹkan dí i kó má bàa dà nù, kó tó wá fi ohun tó máa ṣáná sí ìdí rẹ̀. Yíyìn ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo èyí fún. Bó bá ti yìn ín, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ajínigbé tó dojú kọ ọ́ nínú igbó ní ọgbọ̀n ọta nínú AK-47 kan, kò sì béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, èmi tí mo ń gbé Rivers kò lè fọwọ́ sí i pé kí gómìnà kọ̀ọ̀kan máa pín ìbọn. A rí àwọn ọ̀dọ́ tí olóṣèlú kó ìbọn lé lọ́wọ́ nígbà ìdìbò 2003, a sì rí ohun tí wọ́n fi í ṣe lẹ́yìn tí ìdìbò parí. Ìgbà tó di 2009, tí Ààrẹ Yar'Adua kéde ìdáríjì fún àwọn tó ń jà nínú omi Niger Delta, ni púpọ̀ nínú ìbọn wọ̀nyẹn tó jáde síta. Ẹ̀ṣọ́ tó ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìbọn rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ju ìyẹn lọ gbọ́dọ̀ tún ìwé-òfin ṣe: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní Abuja, pẹ̀lú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ló gbọ́dọ̀ gbà á.

Àwọn kan máa ń sọ pé òfin gbà kéèyàn gbèjà ara rẹ̀. Òótọ́ ni, ẹsẹ 33 ìwé-òfin sọ bẹ́ẹ̀, bí agbára tí èèyàn lò kò bá ju ohun tó yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yẹn kò sọ ìbọn tí kò níwèé di ìbọn tó níwèé. Ilé-ẹjọ́ lè gbà pé ò ń gbèjà ara rẹ, kó sì tún bi ọ́ léèrè ibi tí o ti rí ìbọn.

Oṣù December á dé, àwọn ọmọ wa á sì máa ti Houston àti Maryland bọ̀ wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó di ẹrù. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìbọn wọn sílẹ̀ lọ́hùn-ún, àti ọta, títí kan ẹyọ kan tó bá bọ́ sínú àpò báàgì tí wọ́n gbàgbé. Ìwé tí Texas fún wọn kò ní gbà wọ́n sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Omagwa.